Ọkọ̀ ẹja fíìtì 24 nínú ọ̀sà: ẹ́ńjìnì wo ló tọ́ sí i?

ỌmọẸ̀yìnỌ̀sà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará omi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ọkọ̀ pákó kan fún mi. Fíìtì 24 ni gígùn rẹ̀, ó fẹ̀ tó fíìtì 5 láàárín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀pẹ́ ni mo wà. Ọ̀sà Lẹ́kkí la ti ń dẹ àwọ̀n, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan a máa ń wọ ọ̀sà Èkó. Èmi àti ọmọkùnrin kan la jọ ń lọ, nígbà mìíràn a máa ń di mẹ́ta. Ẹrù wa kò ju àwọ̀n, kúlà yìnyín àti ẹja tí Ọlọ́run bá fún wa lọ. Àjẹ̀ àti ẹ́ńjìnì 8 HP ẹni ẹlẹ́ni la fi ń ṣe é látẹ̀yìnwá.

Owó tí mo tù jọ lè ra Yamaha 15 HP tuntun, ó sì lè ra 40 HP tòkunbọ̀. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè létí omi ló ní fọ́tì ni kí n rà, pé fíftíìnì kò ní lè gbé ọkọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ́nù ní òun rí ẹ́ńjìnì kan tí òun lè fi ránṣẹ́. Orí mi ti dàrú. Ẹ bá mi dá sí i.

ẸjaTútù

Fọ́tì! Kí ló tún ń rò? Ẹja tó bá pẹ́ lójú omi, owó rẹ̀ ti já kó tó dé ọjà Olúwo.

MẹkáníìkìÌgbókọ̀dá

Àbúrò, má tíì náwó. Ọkọ̀ ló ń yan ẹ́ńjìnì, kì í ṣe ẹnu àwọn ará etí omi.

Gbogbo ọkọ̀ tó bá jókòó sínú omi ló ní ibi tí eré rẹ̀ mọ. Bó ṣe ń lọ ló ń ti ìgbì kan síwájú, òmíràn á sì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Tí eré bá le dé ibì kan, ìdí ọkọ̀ á rì, orí rẹ̀ á gòkè, á wá di pé ó ń gun òkè omi tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ibẹ̀ lepo ti ń ṣòfò. Ìṣirò kan wà tí a fi ń mọ̀ ọ́n: wọn gígùn ibi tí omi kàn lára ọkọ̀. Ká ní fíìtì 22 ni. Wá nọ́ńbà tí a bá fi ìlọ́po ara rẹ̀ ṣírò tí yóò fún wa ní 22, ìyẹn bíi 4.7. Sọ ọ́ di ìlọ́po 1.34. Ó jẹ́ nọ́ọ̀tì 6.3 (nọ́ọ̀tì ni a fi ń wọn eré lójú omi), bíi kílómítà 11 àbọ̀ ní wákàtí kan.

Dé orí eré yẹn, agbára tí ọkọ̀ rẹ ń fẹ́ kò pọ̀ rárá. 8 HP tí o ń yá lò gan-an ń gbé e débẹ̀ nígbà tí omi bá rọ̀. 15 HP á gbé e débẹ̀ láì mí gúlegúle, á sì tún ní èyí tó kù sílẹ̀ de atẹ́gùn ọ̀sán àti ìṣàn omi. Láti kọjá ibẹ̀, àfi kí ọkọ̀ gbéra kó máa sáré lórí omi, kì í ṣe nínú omi mọ́. Fọ́tì lè gbé ọkọ̀ pẹrẹsẹ bíi tìrẹ dìde tí ẹ bá jẹ́ méjì tí ẹ kò sì rẹrù. Fíftíìnì kò lè ṣe ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má tàn ọ́.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé o nílò kí ọkọ̀ rẹ gbéra? Báwo ni ibi tí o ti ń dẹ àwọ̀n ṣe jìnnà sí ibi tí o ti ń tà? Kí o sì lọ wọn pákó ìdí ọkọ̀ níbi tí ẹ́ńjìnì yóò jókòó sí, láti òkè rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kí o sọ iye ínṣì rẹ̀ fún wa.

ÌyáẸlẹ́jaOlúwo

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ń sọ̀rọ̀ eré. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ owó, torí èmi ni mo ń fowó sílẹ̀ fún àwọn tó ń lọ sódò, mo sì ń rí ohun tí wọ́n ń gbé bọ̀.

Fọ́tì tú-sítróòkì (irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀), tí wọ́n bá ṣí i tán kí eré rẹ̀ dé òpin, á mu bíi lítà 18 sí 20 ní wákàtí kan. Fíftíìnì tú-sítróòkì á mu bíi 7 sí 8. Nígbà tí epo ṣì pọ́ọ́kú, ènìyàn lè gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ, jẹ́ríkàn lítà 25 kì í ṣe nǹkan tí à ń dà sínú ọkọ̀ láì ṣírò mọ́. Fọ́tì á jẹ ẹ́ tán ní wákàtí kan lé díẹ̀. Fíftíìnì á fi ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́ta lọ.

Lọ́dọ̀ tiwa, epo la kọ́kọ́ ń yọ nínú owó ẹja. Lẹ́yìn ìyẹn la ń pín: ìpín ọkọ̀, ìpín ẹ́ńjìnì, ìpín àwọ̀n, kó tó kan àwọn ènìyàn. Ọjọ́ tí ẹ̀pìyà bá gbẹ, ọmọ tó bá ọ lọ á padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, epo ẹ́ńjìnì ńlá ló jẹ tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò ní bá ọ lọ mọ́. Mo ti rí ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnì tó dára tó ń jókòó sétí omi torí kò sí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́.

ẸjaTútù

Ìyá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn fẹ̀gbẹ́ kan. Fọ́tì ń jẹ lítà 20 ní wákàtí kan, àmọ́ ibi tó máa dé ní wákàtí yẹn, fíftíìnì á lo wákàtí méjì àbọ̀ kó tó débẹ̀. Ẹ fi ọ̀nà tí wọ́n rìn pín epo, ẹ má fi wákàtí nìkan pín in.

MẹkáníìkìÌgbókọ̀dá

Òótọ́ lo sọ. Àlọ ni ọ̀rọ̀ rẹ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà àlọ, ọkọ̀ fúyẹ́, fọ́tì á gbé e dìde, ìyàtọ̀ epo wọn lórí kílómítà kan kò ní fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Wá wo àbọ̀: àwọ̀n tó ti mumi, kúlà tó kún, ènìyàn mẹ́ta. Ọkọ̀ kò gbéra mọ́. O ṣí fọ́tì tán, ó ń jó lítà 20, ọkọ̀ ń gbé imú sókè, eré rẹ̀ kò ju ti fíftíìnì lọ púpọ̀. Àbọ̀ yìí gan-an ni ẹja wà nínú ọkọ̀.

Fíftíìnì náà ní tirẹ̀ o. Ẹni tó bá ṣí i gbalaja ní gbogbo ìgbà, tó ń fipá mú ọkọ̀ kọjá nọ́ọ̀tì 6 yẹn, ń fi epo ṣòfò bákan náà. Tí ìdí ọkọ̀ bá ti ń rì, tí omi ń ru lẹ́yìn rẹ, dín in kù díẹ̀. Eré tó máa lọ kò tó nǹkan, epo tó máa kù nínú táńkì pọ̀.

ỌmọẸ̀yìnỌ̀sà

Ẹ ṣeun. Ibi àwọ̀n wa kò jìnnà púpọ̀, tí a bá ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, a máa ń débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láyè kí n bi yín: ṣé mi ò lè ra fọ́tì kí n má máa ṣí i tán? Kí agbára kàn wà níbẹ̀ de ọjọ́ tí mo bá nílò rẹ̀.

TísàÀtiÀwọ̀n

O lè ṣe bẹ́ẹ̀, epo á sì dínkù gan-an. Ohun mẹ́ta ni kí o rò. Àkọ́kọ́, tú-sítróòkì tí wọ́n ń fi ìdajì eré lò lójoojúmọ́, pulọ́ọ̀gì rẹ̀ máa ń dúdú, èéfín á sì di ẹ̀rọ̀fọ̀ sínú rẹ̀, àfi kí o máa ṣí i fún ìgbà díẹ̀ lójoojúmọ́ kó lè fọ ara rẹ̀ mọ́. Èkejì, fọ́tì wúwo tó bíi kílò 72, fíftíìnì tú-sítróòkì kò ju bíi 36 sí 38 lọ. Fíìtì 24 kò ní rì torí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí á lọ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, ìwọ lo sọ pé o kò ní ṣí i. Ọmọkùnrin tí o bá rán lọ ńkọ́?

ÌyáẸlẹ́jaOlúwo

Haa! Tísà ti sọ ọ́ tán.

ApẹjaAyétòrò

Mo ti ń kà á bọ̀ láti òkè, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan dí i. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọ̀sà ṣi àwọn ọmọ òkun lọ́nà. Níbi tiwa ní Ìlàjẹ, òkun tó ń jẹ ilẹ̀ wa lójoojúmọ́ yìí náà la ń wọ̀ lọ pẹja. Ẹnu ibi tí odò ti ń wọ òkun, ìgbì ń fọ́ léraléra, o ní láti wo ààyè láàárín ìgbì méjì kí o sì sá kọjá. Ẹ́ńjìnì tí kò bá lè fún ọ ní eré lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ níbẹ̀, ìgbì á mú ọ ní ẹ̀gbẹ́, á sì dà ọ́ nù. Ní òkun, fọ́tì ni ìbẹ̀rẹ̀ fún ọkọ̀ tó gbé ènìyàn mẹ́rin, a sì tún ń gbé kékeré kan dání, 8 tàbí 15, torí ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo lójú òkun kò yàtọ̀ sí pé kò sí. Tó bá kú nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́ kúrò nílẹ̀, àjẹ̀ kò ní dá ọ padà.

Ẹnikẹ́ni tó bá kà á tó jẹ́ ará òkun, jọ̀ọ́ má ra fíftíìnì nìkan torí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ sọ pé epo ń wọ́n.

Nǹkan míì: àwọn ajalèlókun. Ẹ́ńjìnì ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ lára ọkọ̀. Fọ́tì ni wọ́n sì fẹ́ràn jù, torí ó rọrùn láti tà.

MẹkáníìkìÌgbókọ̀dá

Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi láti Ayétòrò ní gbogbo ọ̀nà. Ọ̀sà ni ti ọmọ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ bí mo ṣe ń sọ.

Ọ̀rọ̀ olè yẹn sì jẹ́ kí n rántí nǹkan tí kò sí nínú ìwé títà ẹ́ńjìnì kankan: ta ni yóò máa gbé e lọ sílé ní alaalẹ́? Kílò 37, ọkùnrin kan á gbé e sí èjìká. Kílò 72, ènìyàn méjì ni, ó sì máa ń sú wọn. Tó bá ti sú wọn, wọ́n á fi í sílẹ̀ létí omi, bó sì ṣe ń lọ nìyẹn.

AráPeckham

Ẹ kú àṣálẹ́. Ẹ̀gbọ́n obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ́nù yẹn, kó fara balẹ̀ o. Mo ti bá àwọn ènìyàn ra ẹ́ńjìnì níhìn-ín fi sínú kọ̀ǹténà rí. Òfin ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ ti lé tú-sítróòkì oníkabúrétọ̀ kúrò ní ọjà tuntun ní Yúróòpù láti nǹkan bí ogún ọdún, nítorí náà èyí tó bá rí tí kò tíì gbó á jẹ́ fọ́-sítróòkì (èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ sí epo). Tú-sítróòkì tó bá rí á ti darúgbó. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lẹ lè rí tú-sítróòkì tuntun rà, àwa kò rí i.

Ohun tí wọn kì í sọ fún ènìyàn: ọ̀pọ̀ èyí tó tóbi diẹ̀ níhìn-ín kò ní ọwọ́ ìtukọ̀ lára. Láti iwájú ni wọ́n ti ń fi sítíá àti okùn wáyà darí rẹ̀. Tó bá dé Ẹ̀pẹ́, kò sí ohun tí o máa dì mú. Ọwọ́ ìtukọ̀ wà ní títà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ á yà ọ́ lẹ́nu.

ỌmọẸ̀yìnỌ̀sà

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í. Fọ́-sítróòkì 15 HP ni ó rí, ó ní ọwọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúkúrú. Ṣé fọ́-sítróòkì burú ni?

MẹkáníìkìÌgbókọ̀dá

Kò burú rárá. Ní ti epo, ó dára ju tú-sítróòkì lọ, á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín ohun tí o ń rà kù. O kò ní máa po ọ́ìlì mọ́ epo. Kì í pariwo, tí o bá ń fà àwọ̀n lọ díẹ̀díẹ̀, kò ní ba pulọ́ọ̀gì jẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ rèé. Ó wúwo, fíftíìnì fọ́-sítróòkì tó bíi kílò 51. Ó fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ nígbà tó bá yẹ, ní gbogbo wákàtí 100 iṣẹ́, ọ́ìlì gidi, kì í ṣe èyí tó kù nínú jẹ́nẹ́rétọ̀. Tí o bá gbé e sùn, ẹ̀gbẹ́ tí ilé iṣẹ́ fi àmì sí nìkan ni kó sùn sí. Tó bá sùn sí òdìkejì, ọ́ìlì á ṣàn wọ inú sìlíńdà, ní òwúrọ̀ kò ní jí. Rò ó wò: ọmọkùnrin tó ń gbé e lálẹ́ lójú òkùnkùn, ṣé á rántí?

Èyí tó ga jù ni pé, ta ló ń tún un ṣe ní Ẹ̀pẹ́? Lọ sí etí omi rẹ lọ́la, ka ẹ́ńjìnì tó wà níbẹ̀, bi àwọn tó ní wọn pé níbo ni wọ́n ti ń ra impẹ́là (rọ́bà tó ń fa omi wọ inú ẹ́ńjìnì kó má bàa gbóná), ta ló ń tú kabúrétọ̀ wọn. Tú-sítróòkì Yamaha Enduro ló kún etí omi tiwa nítorí iṣẹ́ apẹja ni wọ́n ṣe é fún, kò sì sí ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ inú rẹ̀. Tohatsu náà dára. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ Tohatsu ní Japan ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn Mercury kéékèèké, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí páàtì ọ̀kan tó wọ èkejì. Suzuki kò lẹ́gbin. Ṣùgbọ́n orúkọ tó dára tí kò sí páàtì rẹ̀ ní tòsí rẹ, á sọ ọ́ di alájẹ̀ padà láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan.

Atukọ̀Àgbádárìgì

Èmi ń lo fọ́-sítróòkì kékeré ní tiwa níbí, mi ò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì mi ń gbé ilé kejì sí mi, ó sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò ní irú rẹ̀, kó ra tú-sítróòkì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ koríko omi díẹ̀. Ọdún 1984 ni àwọn koríko omi olódòdó àlùkò yìí ti ọ̀nà odò wa ní Àgbádárìgì wọ Nàìjíríà láti Benin, kò sì tíì fi wá sílẹ̀. Ojú oró àti òṣíbàtà tí àwọn baba wa mọ̀ kò yọni lẹ́nu tó o. Tí koríko yìí bá dí ojú ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa omi, omi kò ní dé inú rẹ̀ mọ́, á gbóná, pisítọ́nù á lẹ̀. Kí ojú rẹ máa wà lára omi tín-ín-rín tó ń ta jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnì. Tó bá dá, pa á kíá, gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, yọ koríko. Fi wáyà kékeré gún ihò rẹ̀ tó bá dí. Ra impẹ́là kan sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ tí o ra ẹ́ńjìnì.

ẸjaTútù

Ó dáa, mo ti gba ti fíftíìnì fún ọ̀sà. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ fíftíìnì ńkọ́? Owó tó kù á ra àwọ̀n.

MẹkáníìkìÌgbókọ̀dá

Tó bá mọ ohun tó máa wò, ó lè rà á. Màá kọ ohun tí èmi ń ṣe.

Má jẹ́ kí wọ́n ti tàn án sílẹ̀ kí o tó dé. Fọwọ́ kàn án; tó bá ti gbóná, wọ́n ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ́ńjìnì tútù ló ń sọ òótọ́ nípa bó ṣe ń jí. Yọ pulọ́ọ̀gì méjèèjì, kí o wọn bí sìlíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́. Iye tí wọ́n bá fi hàn ṣe pàtàkì, àmọ́ ìyàtọ̀ àárín wọn ló ṣe pàtàkì jù: tí ọ̀kan bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ kéré sí èkejì, fi í sílẹ̀. Tú bóòtù ìsàlẹ̀ gíà díẹ̀, jẹ́ kí ọ́ìlì kán sí ọ lọ́wọ́. Tó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ inú gíà, síìlì ti lọ. Tó bá ń dán yanranyanran, irin ló ń jẹ ara rẹ̀ níbẹ̀.

Wo ibi tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà. Tí wọ́n bá ti ha á, olówó rẹ̀ ń sunkún níbì kan. Wo orí àwọn bóòtù: tí ọ̀dà tuntun bá bo orí bóòtù, béèrè ohun tí ọ̀dà náà ń bò. Ọ̀pọ̀ ìgbà, iyọ̀ ló ti jẹ abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù omi, kó ṣiṣẹ́ títí ara rẹ̀ á fi gbóná dáadáa, kì í ṣe ìṣẹ́jú méjì tí olùtajà máa ń fún ènìyàn. Pa á. Tún un fà. Ẹ́ńjìnì tó gbóná tí kò fẹ́ jí mọ́ ni ẹ máa bá jà láàárín ọ̀sà.

Ti ayédèrú páàtì wà lọ́tọ̀. Ẹnì kan tà impẹ́là fún oníbàárà mi nínú páálí tí orúkọ ńlá wà lára rẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ le bíi bàtà. Tẹ apá rẹ̀ wò kí o tó sanwó.

TísàÀtiÀwọ̀n

Kí a má gbàgbé propẹ́là, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú omi láti ti ọkọ̀. Nọ́ńbà méjì ló wà lára rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ rẹ̀ ní ínṣì, èkejì ni ọ̀nà tí yóò rìn nínú omi tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ká ní omi kò yọ̀. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ lè lo èyí tí nọ́ńbà kejì rẹ̀ ga. Ọkọ̀ ẹja tó ń rẹrù fẹ́ èyí tó kéré, bíi 8 fún fíftíìnì, kó lè máa fa ẹrù láì wúkọ́. Èyí tó bá ga jù, ẹ́ńjìnì kò ní lè yí dé ibi tó yẹ, á máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n di lọ́wọ́, epo á máa jó, pisítọ́nù á máa gbóná. Ọ̀pọ̀ fíftíìnì tú-sítróòkì yẹ kó lè yí dé bíi 4,500 sí 5,500 ní ìṣẹ́jú kan tó bá ṣí tán pẹ̀lú ẹrù. Ẹni tó ní ohun tí a fi ń kà á, kó yá a lò lọ́jọ́ kan, ó tó.

Ẹ́ńjìnì tuntun kì í sábà bá propẹ́là ẹrù wá. Béèrè kí o tó sanwó, wọ́n lè bá ọ pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

ỌmọẸ̀yìnỌ̀sà

Mo ti wọn pákó ìdí ọkọ̀. Ínṣì 16 ni láti ibi tí ẹ́ńjìnì yóò gbé dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Fíftíìnì tuntun tí mo rí ní Èkó, ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú wà, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn wà. Ti Lọ́ńdọ́nù kúkúrú ni. Káfíńtà ní òun lè gé ínṣì kan àbọ̀ kúrò kí kúkúrú lè bá a mu.

MẹkáníìkìÌgbókọ̀dá

Sọ fún káfíńtà kó fi ayùn rẹ̀ sílẹ̀ ná.

Ẹsẹ̀ kúkúrú jẹ́ ínṣì 15, gígùn jẹ́ 20. Irin pẹlẹbẹ tó wà lókè propẹ́là ni kí o fi ṣe òdiwọ̀n: ó yẹ kó wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tàbí kó lọ sílẹ̀ ju ìsàlẹ̀ náà lọ pẹ̀lú ínṣì kan. Tó bá ga ju ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ, propẹ́là á máa gba afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnì á máa ké lásán láì ti ọkọ̀. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, ó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ó sì ń gbá ilẹ̀ níbi tí omi kò jìn. Fún 16 tìrẹ, kúkúrú á ga ju bó ṣe yẹ lọ ní ínṣì kan, gígùn á sì rì sílẹ̀ ní mẹ́rin.

Tí o bá gé e, kúkúrú á bá a mu, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ibi tí o gé yẹn ni omi á máa gbà wọlé.

ApẹjaAyétòrò

Má gé e! Fi pákó líle kún un ní ínṣì mẹ́rin sókè, kí o ra ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Ìdí ọkọ̀ tó kéré ló ń pa ènìyàn. O dúró lójijì nítorí okùn àwọ̀n wé propẹ́là, ìgbì tí ọkọ̀ rẹ fúnra rẹ̀ dá á lé ọ bá láti ẹ̀yìn, á sì wọlé gba orí pákó yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré, ọkọ̀ ti kún.

ỌmọẸ̀yìnỌ̀sà

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ibi púpọ̀ ló wà ní ọ̀sà tí omi kò jìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣé ẹsẹ̀ gígùn kò ní máa gbá ilẹ̀?

ApẹjaAyétòrò

Rárá, ronú rẹ̀ dáadáa. Pákó ni ó ga sókè, ẹ́ńjìnì sì ga pẹ̀lú rẹ̀. Níbi tí propẹ́là wà sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kò sí ìyàtọ̀ láàárín kúkúrú lórí pákó 15 àti gígùn lórí pákó 20. Ibi tó ti jìn tẹ́lẹ̀ náà ló wà. Orí ẹ́ńjìnì ló kàn jìnnà sí omi sí i, èyí tó dára fún kabúrétọ̀.

MẹkáníìkìÌgbókọ̀dá

Ó ti sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Àti pé ẹlẹ́sẹ̀ gígùn rọrùn láti tà tí o bá fẹ́ gòkè sí fọ́tì lọ́jọ́ iwájú, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ló ń lò ó.

ỌmọẸ̀yìnỌ̀sà

Ó ti yé mi wàyí. Màá ra 15 HP tú-sítróòkì tuntun, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, propẹ́là ẹrù. Ti Lọ́ńdọ́nù, màá ní kó fi í sílẹ̀. Mo lọ ka ẹ́ńjìnì etí omi wa bí ẹ ṣe sọ: fọ́-sítróòkì kan péré ló wà níbẹ̀, ọkọ̀ ìjọba ni. Káfíńtà ń bọ̀ lọ́la. Ó ku ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Ọ̀kan ní 25, ọ̀kan ní 50, ọ̀kan ní 100.

MẹkáníìkìÌgbókọ̀dá

Ìwé tó bá ẹ́ńjìnì wá ni ọ̀gá. Fún irú Enduro tí o fẹ́ rà, ohun tó wọ́pọ̀ ni pé nígbà tó bá ṣì tuntun, fún wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́, epo 25 sí ọ́ìlì 1. Lítà 25 epo, lítà kan ọ́ìlì. Má ṣí i tán fún ìgbà pípẹ́ láàárín àkókò yẹn. Lẹ́yìn náà, 50 sí 1. Lítà 25 epo, ìdajì lítà ọ́ìlì. 100 yẹn wà fún àwọn ẹ́ńjìnì mìíràn, má fi ti ẹlòmíì pa tìrẹ. Ọ́ìlì tú-sítróòkì ti inú omi, tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára, ni kí o rà, kì í ṣe ti ọ̀kadà. Kọ́kọ́ da ọ́ìlì sínú epo díẹ̀, gbọ̀n ọ́n, kí o tó wá kún un. Sẹ́ epo, torí omi máa ń wà nínú rẹ̀.

Atukọ̀Àgbádárìgì

Omi ọ̀sà Lẹ́kkí kò níyọ̀, o ríire. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá wọ ọ̀sà Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ wà níbẹ̀. Tí o bá dé, fi ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ díẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù omi kànga kí iyọ̀ jáde nínú rẹ̀.

ÌyáẸlẹ́jaOlúwo

Kí o sì ra ẹ̀wù ìléfòó mẹ́ta nínú owó tó kù, kì í ṣe méjì, torí ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé ẹ máa ń di mẹ́ta. Tí o bá ń tà, wá bá mi lọ́jà.

ỌmọẸ̀yìnỌ̀sà

Ẹ ṣé, Ìyá. Màá wá. Ìbéèrè kan péré ló kù: ṣé sìkúrù ìdimú méjì tó bá ẹ́ńjìnì wá tó láti dì í mú lórí pákó tí a fi kún un?

ApẹjaAyétòrò

Kò tó. Wọ́n máa ń tú díẹ̀díẹ̀ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń gbọ̀n. Pákó tuntun yẹn náà, kí káfíńtà má kàn fi ìṣó kàn án sórí ti tẹ́lẹ̀. Kó fi pákó gígùn kan gbé e ró láti inú ọkọ̀, kí bóòtù gba àárín gbogbo rẹ̀ kọjá. Lára ìdimú ẹ́ńjìnì, wàá rí ihò bóòtù. Kí káfíńtà gbẹ́ ihò gba inú pákó kọjá ní ọ̀gangan wọn, kó fi bóòtù tí kò ń dípẹtà dè é, kó sì fi gúlúù dí etí ihò kí omi má bàa jẹ pákó láti inú. Lálẹ́, ẹ máa tú bóòtù yẹn kí ẹ tó gbé e, nítorí náà ra nọ́ọ̀tì bóòtù tí a lè fi ọwọ́ tú. Lẹ́yìn náà, so ṣéènì láti ara ẹ́ńjìnì mọ́ igi egungun ọkọ̀, kì í ṣe mọ́ pákó ìdí. Tí pákó bá ya, ṣéènì á ṣì dì í mú.